Ojú Irin

Ọgbọ̀n ọdún ó lé méjì
ni mo fi di fìtílà mú ní ibùdókọ̀ Ṣábẹ̀.
Ọkọ̀ Parakú kò tíì yọ lẹ́yìn òkè,
mo ti mọ ikọ́ rẹ̀.
Pupa: dúró ńbẹ̀. Àwọ̀ ewé: máa bọ̀.
N kò ṣì í rí, bí òjò ń rọ̀, bí ọyẹ́ ń fẹ́,
kódà lóru tí wọ́n bí Anjẹ́ẹ̀lì
tí mo ti tọ́ ṣódábì wò.
Ojú ni wọ́n ń sanwó fún lára mi.
Ìyókù, mo kàn ń gbé e tẹ̀ lé e ni.

Kò bẹ̀rẹ̀ bí òkùnkùn.
Ó bẹ̀rẹ̀ bí òwú dúdú kan
lára ògiri pálọ̀, láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.
Mo ní, "Ìyá Anjẹ́ẹ̀lì, gbé ọwọ̀, aláǹtakùn ti ta sílé wa."
Ó gbá a. Ó tún un gbá.
Ó ní, "Ògiri yìí mọ́ ju aṣọ ọrùn rẹ lọ."
Mo yíjú sí fèrèsé: òwú ọ̀hún ti ṣáájú mi débẹ̀.
Mo wo ojú ọ̀run: ó ń lúwẹ̀ẹ́
bí légbénlégbé nínú ọ̀gọ̀dọ̀.

Ìtọ̀ ṣúgà, a ti jọ ń gbé láti ọdún mẹ́sàn-án.
Mo ń lo oògùn rẹ̀ bí mo bá rántí.
Ẹ̀jẹ̀ ríru ní tirẹ̀ kò kanlẹ̀kùn wọlé;
kò gún mi, kò ta mí.
Àlejò tí kò béèrè omi,
ta ní ń ka iye ọjọ́ tó ti lò?
Mo ní àgbà ló dé. Mo ra awò lọ́jà,
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ fàráǹ.
Légbénlégbé náà wá tóbi sí i nínú awò.

Anjẹ́ẹ̀lì ló fà mí dé Parakú.
Takisí la wọ̀; koríko ni èrò ojú irin báyìí.
Dókítà kán omi sí mi lójú,
ilẹ̀kùn ojú mi ṣí gbayawu, kò ṣeé tì,
gbogbo ayé funfun bí ẹ̀kọ tútù.
Ó jókòó kọjú sí mi, ó tan iná tẹ́ẹ́rẹ́ kan,
ó ń wò mí lọ títí dé ẹ̀yìn.
Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Ṣàbí, kí ló dé?"
Mo ní, "Èmi lọkọ̀ lónìí, ìwọ lo di fìtílà mú."

Òun kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní àwọn iṣan tó tín-ínrín bí irun
ń jò lẹ́yìn ẹyinjú mi;
ṣúgà ti jẹ ara wọn, ẹ̀jẹ̀ sì ń fi agbára tì wọ́n láti inú.
Mẹ́tàdínlógún lórí mọ́kànlá, ni ẹ̀rọ apá wí.
Mo dákẹ́. Èyí yé mi ju bó ṣe rò lọ.
Mo ti rí i rí, lẹ́ẹ̀kan péré, lọ́nà Parakú:
ìpẹtà jẹ irin, irin ò wí;
dẹ́rẹ́bà sáré, eré ò wí;
ọjọ́ tí àwọn méjèèjì pàdé
ni wọ́n tó wá ń pe orúkọ wa káàkiri inú igbó.

"Ṣé yóò padà?"
Ó ní èyí tó ti lọ, òun kò lè búra.
Èyí tó kù, ká máa ṣọ́ ọ:
iná kan tí wọn yóò ta sí i lẹ́ẹ̀mẹta,
hóró oògùn láràárọ̀, bí mo rántí bí n kò rántí.
Ìyá Anjẹ́ẹ̀lì ti fi iyọ̀ pamọ́.
Mo mọ ibẹ̀. N kò lọ.

Nírọ̀lẹ́, mo máa ń jókòó sí pèpéle ibùdókọ̀.
Òkè Ṣábẹ̀ ti di àbàwọ́n ńlá,
n kò mọ ibi tí òkè parí sí, tí ojú mi ti bẹ̀rẹ̀.
Wọ́rù ọmọ ọmọ mi de ẹ̀rọ mọ́ mi lápá,
ó wú, ó fún mi pinpin, ó tú.
"Mẹ́rìnlá lórí mẹ́sàn-án, Bàbá."
Mo ní, "Pupa ni, àbí àwọ̀ ewé?"
Ó ronú. Ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò rí ọkọ̀ ojú irin rí.
"Èyí tó wà láàárín ni."
Mo gbé apá kejì sókè,
mo jù ú síwá, mo jù ú sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀,
bí a ti ń ṣe é fún ọkọ̀
tí ojú irin iwájú rẹ̀ kò dá wa lójú:
rọra.
Máa bọ̀.