Ibi Tí Fíìmù Ti Já

Aṣọ ibùsùn funfun ni Bàbá Ṣówándé ta
mọ́ ògiri ilé ìwé wa n'Ìperu.
Ẹ̀rọ kùn bí oyin; akéwì Ítálì yọ,
onímú gígùn, ẹnu ń mì, ohùn ò sí.
Ìlú lé e. Wọ́n ní bó bá padà, àwọn á dáná sun ún.
Ó dé ẹnubodè, ó bojú wẹ̀yìn,
fíìmù já.

Ọdọọdún, ibẹ̀ náà ni.
"Bàbá, ṣé ó padà wọlé?"
Á fi itọ́ ra ojú ibi tó já: "Ẹ lọ sùn."

Ará Òru lòun náà; ọ̀ràn oyè ló lé e.
Ìrìn ọjọ́ kan péré, kò rìn ín.
Gàrí Òru ṣáá ló ń jẹ, ó ní tibí ò kan tó.

Mo dàgbà, mo kà á nínú ìwé: akéwì ò padà.
Ìlú tó lé e ló wá ń tọrọ egungun rẹ̀.

Bàbá kú. Mọ́tò dé láti Òru.
Aṣọ ibùsùn yẹn la fi dì í.
Mo tẹ̀lé wọn dé ẹnubodè,
mo dúró.