Ọ̀tún Ń Dún, Òsì Dákẹ́

Èmi ni mo yọ eyín náà.
Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́.
Yìnyín bo fèrèsé ilé ìwòsàn wa ní Narín lọ́jọ́ náà.
Ìyá Sabira wọlé, ó bọ́ fìlà onírun, ó la ẹnu.
Eyín ń mì. Mo fà á. Ó jáde wọ́ọ́rọ́wọ́
bí èèkàn tí a fà yọ nínú ẹrọ̀fọ̀.
Ìyẹn gan-an ló yẹ kó bà mí lẹ́rù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, egbò kò jinná.
Mo ní kó máa fi omi iyọ̀ fọ ẹnu.
Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó padà wá. Kò ké ìrora.
Irin kékeré kan ló yọ nínú àpò,
èyí tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń fi eyín dì mú,
tí wọ́n ń fi ìka ta, tí ẹnu wọn á di ilé ohùn.
"Nurzat, ọ̀tún ń dún. Òsì dákẹ́."

Mo fi òwú kàn án lágbọ̀n. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lára?"
"Kí ni?"
Mo fi abẹ́rẹ́ kàn án.
"Kí ni?"
Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ́sírè fi egungun hàn bí aṣọ tí ikán wọ̀.
Mo gé ẹran tí kò ju hóró ìrẹsì lọ,
mo fi rán awakọ̀ tó ń lọ sí Bíṣíkẹ̀kì.
Ọjọ́ kẹsàn-án, Dókítà Begimay pè:
"Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí mọ́ gaara, bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù jáde.
Ti kíndìnrín a máa rí bẹ́ẹ̀ bó bá sá kúrò nílé.
Ṣé àlejò ni, àbí ọmọ onílé?
Ẹ yẹ kíndìnrín wò kí n tó fọhùn."

Kíndìnrín méjèèjì dá ṣáká.
Ọmọ onílé ni, nígbà náà:
ìyókù ohun tó mọ eyín fún un nígbà tó wà ní jòjòló,
tó lúgọ sínú egungun fún ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta.
Jẹjẹrẹ ni. Lọ́dún méjìlélógún,
ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Begimay rí irú rẹ̀.

Sabira gbọ́ ọ láì mira.
"Òsì nìkan ni wọ́n máa gé?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo tún ní, bóyá.
Ó fi irin sí eyín ọ̀tún, ó ta á lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ́tí.

Eyín náà ṣì wà nínú ife lórí tábìlì mi.
Mo gbé e síbi iná lánàá.
Funfun báláú.
Kò sí ihò kan lára rẹ̀.