Méjì Ààbọ̀

Ẹ̀rọ omi wà ní Òpómẹ́ta,
èmi wà ní Kétu, nínú yàrá tí páńkà rẹ̀ ń kerora,
ìlànà ẹ̀rọ náà sì ń bẹ lọ́wọ́ mi:
ibi tí omi yóò dé kí ó tó dúró,
wákàtí tí yóò jí, wákàtí tí yóò sùn,
orúkọ ẹni tí yóò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Nínú ikùn ẹ̀rọ, nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀.
Iye ni wọ́n. A lè rò wọ́n pọ̀, a lè yọ nínú wọn,
ṣùgbọ́n wọn kò lè rìnrìn àjò ní ìhòòhò.
Ẹni tó ń lọ ọ̀nà jíjìn á di ẹrù.
Mo dì wọ́n ní lẹ́tà, ẹyọ kan tẹ̀lé ẹyọ kan,
mo fi àmì ìdọ́gba sí àárín orúkọ àti iye,
mo rán an gba orí fóònù lọ.
Ẹ̀rọ Òpómẹ́ta gbà á, ó tú u.

Mo ní kí omi dúró ní mítà méjì ààbọ̀.
Kọ̀ǹpútà mi, Kútọnu ni wọ́n ti tò ó,
Faransé ló ń fọ̀:
ó kọ 2,5, ó fi àmì abìrù sí i láàárín.
Ẹ̀rọ ọ̀hún, ọmọ ibòmíràn ni;
àmì tó dà bí hóró bàbà nìkan ló mọ̀, èyí tí kò nírù.
Ó rí ìrù, ó gé e sọnù,
ó so méjì mọ́ márùn-ún,
ó ní: mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.
Kò bi mí.
Àgbá omi náà kò ga ju mítà mẹ́ta lọ.

Ó fa omi títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mútíátù tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ló pè mí ní ìdájí.
Èlùbọ́ tó sá sílẹ̀ ti di ẹrọ̀fọ̀ funfun.
Mo ń retí èébú.
Ó ní, “Ọmọ Ìṣọ̀lá, gbọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí.”
Mo gbọ́ wọn lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń fò nínú adágún,
ní ilẹ̀ kan náà tí ìyá mi ti máa ń jí ní aago mẹ́ta òru
lọ dúró ti kànga tí kò dáhùn.
N kò mọ̀ bóyá kí n tọrọ àforíjì ni
tàbí kí n dákẹ́.

Mo jókòó ti àṣìṣe mi. Mo rántí orúkọ wa.
Ìṣọ̀lá ni bàbá bàbá mi ń jẹ́;
akọ̀wé Faransé tẹ́tí, ó kọ Ichola.
Àbúrò rẹ̀ kọjá sí Ìmẹ̀kọ,
akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kọ tirẹ̀ ní Isola.
Lọ́dún tó kọjá mo wá àwọn ọmọ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀;
kọ̀ǹpútà ní àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan.
Ẹnu kan náà ni orúkọ ti jáde.
Ọwọ́ méjì ló dì í.

Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń tún un ṣe.
Mo kọ ọ́ sókè pátápátá: àmì tí kò nírù ni kí a lò,
ibi yòówù kí wọ́n ti tò ọ́.
Mo kọ́ ẹ̀rọ bí a ṣe ń kọ̀:
bí ọ̀rọ̀ kò bá yé ọ, má ṣe méfò,
dúró, kí o pè mí.
Ẹni tí kò sọ nǹkan kan
àti ẹni tó sọ pé kò sí nǹkan kan,
má so wọ́n mọ́ okùn kan náà.
Mo di iye, mo tú u, mo tún un dì:
bí ẹrù kejì bá yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́,
nǹkan ti bọ́ sílẹ̀ lọ́nà.
Ìgbà ẹgbẹ̀rún. Kò sí ohun tó bọ́.
Orúkọ Mútíátù pàápàá dé pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀.

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí mo pè é.
Ó gun àkàbà, ó na ọ̀pá sínú àgbá.
“Ó ti dúró,” ó ní.
“Níbo?”
“Méjì ààbọ̀.”
Lẹ́nu rẹ̀, kò sí ìrù, kò sí hóró bàbà.
Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀,
ó bi mí bóyá mo lè tún ṣì í kọ
lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn ọmọ ń béèrè.