Orogún Mi Kò Fẹ́ Oòrùn

Ọdún tí Fọlárìn fẹ̀yìntì nílé-iṣẹ́ omi,
inú páálí ló ti mú orogún wá bá mi,
ogójì ọmọ ewé tí a fi òwú tútù wé lẹ́sẹ̀,
wọ́n wọ bàálù wá, ó ti rẹ̀ wọ́n.
"Wàsábì lorúkọ rẹ̀," ó wí.
Mo ní, "Wàsábì? Ọmọ ta ni?"
Ó ní ará Jàpáànù ni,
etí odò orí òkè ni wọ́n ti ń tọ́ ọ.

Ẹ wo Ìtòkò tí à ń gbé,
àpáta tí ń jó ọmọdé lẹ́sẹ̀ lọ́sàn-án,
tí mo bá sá làfún sí i,
á ti gbẹ kí n tó fọ ìkòkò tán.
Ibẹ̀ lẹni tó kórìíra oòrùn fẹ́ wá lọ́kọ.

Ṣùgbọ́n ọdún méjìdínlógún ni Fọlárìn fi wá ojú omi kiri.
Ó mọ ibi tí àpáta ti lanu díẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa
tí omi ń yọ́ jáde bí àṣírí lẹ́nu àgbà,
tútù, kò pọ̀, kò gbẹ rí.
Ó to òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀ bí ẹni ń to ẹyin,
ó ta àwọ̀n dúdú bò ó,
ó ra ẹ̀rọ tí ń mú omi tutù.
Owó tí a fẹ́ fi pààrọ̀ páànù orí ilé ni.

Yìnyín ni mo ń tà ní Láfẹ́ńwá.
Nígbà tí oṣù kẹta dé, tí omi fẹ́ gbóná bí ẹ̀kọ mímu,
wọ́n ní kí ìyáálé gbé yìnyín wá fún ìyàwó.
Mo ń kùn, mo ń gbé e.
Síjúwọlá tó ń ta ẹja dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí pé
ta ló kú tí a fi ń tẹ́ yìnyín lójoojúmọ́.
Mo ní kò sẹ́ni tó kú,
ẹnìkan ló ń ṣakọ.

Ogójì di mọ́kànlélógún.
Ìgbín jẹ mẹ́rin, jíjẹrà mú mẹ́sàn-án.
Ọyẹ́ dé, àwọn tó kù na ọrùn,
ewé wọn fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ.
Ọdún méjì gbáko!

Moríta alásè wá láti Èkó,
ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, a ò sọ fún un.
Ó yọ pákó kan tí a fi awọ àkùrákùdà bò,
ó ń ha gbòǹgbò lé e lórí, díẹ̀díẹ̀, yípoyípo,
bí ẹni ń rẹ ọmọ.
Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ladùn rẹ̀ ń lò láyé.
Èyí tí wọ́n ń fún jáde nínú rọ́bà ńkọ́?
Gbòǹgbò mìíràn ni, wọ́n kàn rẹ ẹ́ láró.
Mo rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n bí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró ní Ìtokú
mọ aṣọ tí aró rẹ̀ kò dénú.

Ó tọ́ ọ wò. Ó dákẹ́.
Ó mú mẹ́ta nínú mẹ́jọ, ó sanwó.
Owó iná oṣù méjì gbé e mì.

Lálẹ́, a ha èyí tó wọ́ jù sórí ẹja àrọ̀ odò Ògùn.
Mo retí kó ta bí ata rodo.
Kò bá ahọ́n jà. Imú ló gbà gòkè,
ó ṣí ilẹ̀kùn kan lágbárí mi tí n kò mọ̀ pé ó wà,
atẹ́gùn wọlé, atẹ́gùn jáde,
lẹ́yìn náà adùn díẹ̀, bí ìrèké tí ẹlòmíì ń jẹ.
Omi ń bọ́ lójú Fọlárìn. "Ṣé o rí i?"
Mo rí i. N kò jẹ́wọ́ fún un.

Ó ti tún ra ọgọ́ta.
Lóru àná, iná lọ. Kì í ṣe ariwo ló jí mi,
omi tó dákẹ́ ni.
Fọlárìn ń hanrun.
Mo gbé yìnyín lérí, n kò dúró wọ bàtà,
agogo méjì òru, àpáta ṣì gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.
"Má kú o," mo wí sínú òkùnkùn,
"ìyáálé rẹ ló ń bọ̀."