Ìwé Alágogo

Mo ṣí ìwé tí eku ti jẹ létí
nínú yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, lórí òkè ní Swítsálándì.
Jost ló kọ ọ́, ẹni tó ń lu agogo,
tó ń gbẹ́ sàréè, tó ń ṣírò ọjọ́:

“Òní la bẹ̀rẹ̀ sí í ká àjàrà. Ó pẹ́.
Kíkan ló kan. Ìrì dídì ti bo ewé.
Ọmọ mi Verena kú kílẹ̀ tó mọ́.”

Mo kọ ọjọ́ náà sínú àtẹ mi:
ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá.
Irú òǹkà bẹ́ẹ̀ la fi ń mọ
bí ẹ̀ẹ̀rùn àtijọ́ ṣe tutù tó,
nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi gíláàsì wọn ooru níbẹ̀.

Àtẹ mi ò láyè fún Verena.
Ta ló gbẹ́ sàréè fọ́mọ agbẹ́sàréè?
Jost ò kọ ọ́.

Mo pa ìwé dé. Mo tún ṣí i.
Yíǹkì ti ràn níbi orúkọ ọmọ náà,
ó fẹ̀ tó èékánná.
Mo gbé fìtílà sún mọ́ ọn:
omi ojú Jost ni,
àbí omi ojú ọjọ́?