Omi Inú Ìgò

Ìgò kan wà lójú fèrèsé mi ní Òkè-Baálẹ̀,
ìgò ẹlẹ́rìndòdò tí mo fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta
kí n tó rì í bọ odò Ọ̀ṣun nínú oṣù Agẹmọ.
Ọjọ́ tí mo gbé e dé, ó dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí.
Ní báyìí, amọ̀ ti sùn sísàlẹ̀, ó nípọn tó ìka kan,
omi òkè sì mọ́ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà.

Lẹ́tà méjì wà nínú fóònù mi.
Ọdún kan ṣoṣo ni wọ́n ń tọrọ lọ́wọ́ mi.
Gíláásígò ní: a ní ẹ̀rọ tí í ṣa irin inú omi
bí ẹni ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà.
A ó san owó ilé, a ó san owó ọkọ̀ òfuurufú.
Ti Kùmásì kò ju ìlà mẹ́rin lọ:
Yàrá ìwádìí wa kéré.
Odò tiwa náà ti pọ́n.
Àwọn tó ń wa góòlù ló wà lókè rẹ̀.
Máa bọ̀, ká jọ wò ó.

Dókítà Ọyátómi ní kí n má ṣe ya dìndìnrìn,
orúkọ Gíláásígò nìkan tó ṣílẹ̀kùn.
Òun náà ló kọ́ mi bí wọ́n ti ń dé ìgò lábẹ́ omi
kí afẹ́fẹ́ má baà bá a wọlé.
Múftáù ẹ̀gbọ́n mi sọ pọ́n-ùn di náírà, ó sọ sídì di náírà,
ó pòṣé, ó tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀:
"Rọ̀kíbátù, kí lo tún ń rò?"
Ìyá mi ti ilé ìwòsàn dé, ó ń tú okùn bàtà nọ́ọ̀sì rẹ̀.
"Níbo ni wọ́n ti ń kí èèyàn láàárọ̀?"
N kò mọ̀ ọ́n.

Mi ò ní parọ́. Mo fẹ́ rí yìnyín.
Mo fẹ́ ya fọ́tò nínú ẹ̀wù òtútù pupa, kí Ṣèlíátù rí i.
Mo ti ń kọ́ bí wọ́n ti ń pe orúkọ odò wọn, Kíláídì,
mo ń pè é nínú balùwẹ̀ títí omi fi tán nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo lọ bu omi yẹn,
ọmọbìnrin kan wà létí odò pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì ọlọ́yẹ́lò,
kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ.
"Àǹtí, ṣé ẹ máa mu tiyín ni?"
Mo ní rárá, mo fẹ́ wò ó ni.
Ó rẹ́rìn-ín. "Àwa náà ń wò ó."

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, mo mọ̀,
àmọ́ ẹsẹ̀ ẹnìkan kì í tọ ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà,
aago méjìlá òru ni wọn yóò sì tilẹ̀kùn.
Aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, wọ́n mú iná lọ.
Mo gbé fóònù sẹ́yìn ìgò.
Ìmọ́lẹ̀ gba inú omi kọjá.
Kò gba inú amọ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ mi gbọ̀n.
Kò tíì dá mi lójú títí di báyìí.

Bàbá mi wà ní fàráńdà,
ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ju àsíá fún rélùwéè
ní ìdíkọ̀ Òṣogbo.
"Èwo lo mú?"
"Kùmásì, Bàbá."
Ó dákẹ́ díẹ̀. "Rélùwéè dé ibẹ̀?"
"Ojú irin wà níbẹ̀. Ọkọ̀ ni kì í wá mọ́."
Ó gbá ẹ̀fọn kan pa lẹ́sẹ̀, ó rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn.
"A jẹ́ pé ilé náà ni."