Awọ Aṣọ́nà

Iná Àkúrẹ́ ti lọ láti àná.
Ní Ọbańlá, Moróunfólú po amọ̀ Ìfọ́n mọ́ ike yíyọ́,
ó tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sórí gíláàsì.
Mẹ́ta ti là bí gìgísẹ̀ lọ́yẹ́.
Ẹ̀kẹrin yìí, ó ń bomi rin ín:
bí ọ̀fun rẹ̀ bá gbẹ, kì í ṣílẹ̀kùn.

Kóró háídírójìn, máa kọjá.
Mànàmáná, ìwọ padà;
gba orí wáyà yí ilé po,
ọ̀nà jíjìn ni iṣẹ́ rẹ wà.

Bàbá Fámúrewá, ọlọ́dẹ géètì, bẹ̀rẹ̀ wo gílóòbù
tó pọ́n bí ojú ẹyẹlé, tó sì kú.
"Kò ju báyìí lọ?"
"Kò jù ú lọ, sà."
"Èmi náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tó kanlẹ̀kùn ni mò ń ṣí fún."
Ó fa àga sún mọ́ ọn.